Káńfọ̀ Tí Mo Rán Sínú Orí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, orí ẹranko kan wà lórí àga ní pálọ̀ mi bí mo ti ń kọ ọ́. Orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Ó tóbi tó ìkòkò tí a fi ń se ìrẹsì fún ogójì ènìyàn, irun rẹ̀ pupa, etí rẹ̀ méjèèjì nà sókè, ojú rẹ̀ sì kọ sí mi gangan. Mo ti yí i dojú kọ ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bí ẹni pé ìpàkọ́ rẹ̀ náà ń wò mí, ni mo bá tún yí i padà. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tó ti wà níbẹ̀. Bí mo bá kírun tán tí mo tẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ kì í jáde, nítorí kí ni mo fẹ́ sọ fún Ọlọ́run tí kò tíì rí? Ọmọ ọmọ mi kan ṣoṣo ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa, mo sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gbé ẹ̀bi rẹ̀ rù. N kò tíì sọ ọ́ fún alààyè kankan. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

N kò kàwé lọ títí. Prámárì kẹta ni bàbá mi ti ní ó tó, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá ń ya sọ́tùn-ún tó ń ya sósì, ẹ bá mi tọ́ ọ. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ láyé mi ni aṣọ. Alágbàfọ̀ ni mí ní Òṣogbo kí n tó dé ìlú òyìnbó, kì í sì ṣe alágbàfọ̀ lásán. Bí mo bá fọ aṣọ yín, tí mo fi sítáàṣì sí i, tí mo lọ̀ ọ́ kó gún régé, n ó ká a, n ó dì í, n ó wá ju hóró káńfọ̀ méjì sí àárín ìdì náà. Káńfọ̀ yẹn ni òǹtẹ̀ mi. Àwọn oníbàárà mi a máa sọ pé bí àwọn bá ṣí àpótí láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí àwọn. Ẹni tó gba aṣọ lọ́wọ́ alágbàfọ̀ tí kò gbóòórùn káńfọ̀, ṣé ó lè sọ pé wọ́n fọ̀ ọ́ tán? Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe é fún ogún ọdún, tó fi wọ̀ mí lẹ́jẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ló ní kí n wá sí Peckham nígbà tó fẹ́ bímọ, ọdún mẹ́tàdínlógún rèé. Ó bí ọkùnrin. N kò ní dárúkọ tí wọ́n ń pè é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Oríkì tí èmi fún un ni n ó máa pè é, Àkànní. Mo di aṣọ ọmọ wá láti ilé, ìdì ńlá, aṣọ òtútù, ọ̀já, fìlà, gbogbo rẹ̀ ni mo fọ̀ tí mo lọ̀, ẹ sì ti mọ ohun tó wà ní àárín ìdì. A wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ, ni a bá gbé e sáré lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní nǹkan kan dín nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà láti inú wá, pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú, pé ara rẹ̀ á le koko bó bá ti ń yẹra fún àwọn nǹkan kan, káńfọ̀ sì wà lára olórí wọn. Ó ní bó bá fa òórùn rẹ̀ símú púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́ nínú ara rẹ̀ bí ife dígí tó já bọ́. Ọmọ mi sunkún títí. Nígbà tó nu ojú tán, ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, bí mo bá tún rí káńfọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yìí, ẹ ò ní fojú kàn án mọ́." Kì í ṣe ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ sí mi báyẹn. Mo fi Kùránì búra fún un. Mo da gbogbo káńfọ̀ mi nù, mo sì mú ìbúra náà ṣẹ fún ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí ìbúra ṣe máa ń kú. Kì í kú lọ́jọ́ kan. Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ lọ sílé lọ síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣí àpótí mi, mo rí i pé kòkòrò ti jẹ aṣọ òkè ìgbéyàwó mi bí ẹni pé wọ́n yìnbọn lù ú. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí mo dé Òṣogbo, mo rí káńfọ̀ lórí tábìlì obìnrin kan, funfun, róbótó-róbótó nínú ọ̀rá, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn pàdé ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jà rí. Mo rà á. Mo ní inú àpótí tèmi ni yóò máa gbé, nínú fláàtì tèmi, ta ló kàn? Ọmọ mi kò lè mọ̀, nítorí láti ìgbà àrùn kòrónà ni imú rẹ̀ kò ti gbóòórùn mọ́. Bí ẹja bá ń jóná níwájú rẹ̀, àfi bó bá rí èéfín. Àkànní ní tirẹ̀ ń wá kí mi lójoojúmọ́, ilé wọn kò ju òpópónà méjì sí tèmi lọ, ó ń gbé orí lé mi léjìká bó ṣe ga tó yẹn, nǹkan kan kò sì ṣe é. Mo bá sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ìkókó ni dókítà ń sọ nígbà yẹn lọ́hùn-ún, pé ó ti bá eyín ọmọdé rẹ̀ já. Ọmọ tó ń jẹ abọ́ ìrẹsì mẹ́ta, kí ni káńfọ̀ fẹ́ fi ṣe? Ẹ ò rí i bí ènìyàn ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ tan ara rẹ̀ jẹ.

Àkànní kì í ṣe ọmọ tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kí i, ilẹ̀ ni yóò máa wò dá yín lóhùn. Nígbà tó wà ní ilé ìwé kékeré, àwọn ọmọ máa ń pè é ní Ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó bá ọmọbìnrin kan pàdé, Táṣà, ọmọ àwọn ará Jàmáíkà tí ń gbé ní Aylesbury Estate, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ilẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní cheerleading. Àwọn ọmọ á máa jó, wọ́n á máa ké orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, wọ́n á gbé ara wọn lé ọwọ́, wọ́n á ju ẹnì kan sókè, wọ́n á sì hán an kó tó balẹ̀. Ẹnì kan á wà láàárín wọn tó gbé ẹ̀wù ẹranko wọ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, máskọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe onítọ̀hún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín kó sì máa mú wọn pariwo. Táṣà ló sọ pé Àkànní ni kó ṣe é. Ó ní ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun ni iṣẹ́ náà yẹ. Nígbà tí Àkànní sọ fún mi pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni òun máa jẹ́, mo ní, "Èyí tó ń tú ìdọ̀tí káàkiri ẹ̀yìn fláàtì mi yìí náà?" Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá dá mi lóhùn, ó ní, "Ìbátan rẹ̀ ni, Màmá, but èyí lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì."

Mo rí i lójú ara mi bí ọmọ yẹn ṣe yí padà. Bó bá ti gbé orí yẹn wọ̀, ọmọ tí kò lè wo ojú ènìyàn á di ẹlòmíràn, á máa fò, á máa di mọ́ àlejò, á máa fi ìrù na tíṣà nídìí. Nígbà tó bá bọ́ ọ tán, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ṣẹ́kù sí i lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn aládùúgbò mi. Ó ń bá ọlọ́jà ẹja ní Rye Lane ṣàwàdà. Ìyá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lójoojúmọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ kán, sọ fún mi pé bí òun bá ti ń gbọ́ tí ọmọ náà ń kọrin nínú balùwẹ̀, àárẹ̀ òun á lọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní ìdíje ńlá kan ń bọ̀, tí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì á péjọ, gbogbo wa ló gbé e rù bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni.

Ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ náà tó pé, ó gbé ẹ̀wù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá sọ́dọ̀ mi nítorí àyè kò sí nílé wọn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, orí yẹn ń rùn! Ẹni mélòó ló ti làágùn sínú rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n ti rà á? Wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi, ṣé alágbàfọ̀ ni yóò máa wo òórùn níran? Mo fi kànrìnkàn àti ọṣẹ nu inú rẹ̀, mo fi omi gbígbóná nù ún lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé e sídìí ẹ̀rọ amúlégbóná fún ọjọ́ kan. Òórùn náà dín kù, kò tán. Mo bá ṣí àpótí mi. Mo mú káńfọ̀ mẹ́rin. Mo lọ méjì kúnná, mo wọ́n ọn sábẹ́ aṣọ tó wà nínú orí náà. Mo dá àpò kékeré fún méjì tó kù, mo sì rán an mọ́ ẹ̀yìn àwọ̀n ẹnu rẹ̀, níbi tí ọmọ náà ti ń mí, kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ fẹ́ òórùn rere sí i. Lẹ́yìn náà ni mo di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú di Mọ́ńdè. Mo rán àpò yẹn dáadáa. Okùn mi kì í tú.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe ìdánrawò. Ní Mọ́ńdè, Àkànní wá dì mọ́ mi, ó ní orí náà ti dára, ó ní mo ṣeun. Ní Wẹ́sìdeè, ó ní orí ń fọ́ òun. Ní Tọ́sìdeè, ó ní Táṣà fún òun ní oògùn orí fífọ́ kan, pé ó dín kù díẹ̀. Ní Fúráìdè, mo se ìrẹsì fún un, abọ́ kan ló jẹ, kò jẹ ẹ́ tán. Ó lọ tọ̀, nígbà tó jáde ó bi mí bóyá tíì lè sọ ìtọ̀ ènìyàn di dúdú. Mo ní kó lọ mu omi. Ó wá dúró sábẹ́ iná kíṣìnnì, mo sì rí ojú rẹ̀. Mo rí i. Funfun ojú rẹ̀ kò funfun mọ́. Kí ni mo sọ? Mo ní iná yẹn ni. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ìyá òun pé orí ń fọ́ òun, nítorí kò ní jẹ́ kí òun lọ lọ́la. Mo ní n kò ní sọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o. Èmi ni mo mú orí náà lọ́wọ́, tí mo ń wọ́ ọ.

Apá ọ̀nà Sydenham ni gbọ̀ngàn náà wà. Ìyá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ. Mo jókòó síwájú pẹ̀lú fúláàsìkì tíì mi lórí ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló kọ́kọ́ sáré jáde, ariwo sì sọ. Ẹ ò ní gbà gbọ́ ohun tó ṣe. Ó fọṣọ! Ó fi ọwọ́ méjèèjì fọ aṣọ tí kò sí níbẹ̀, ó fún un, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e sí imú, ó mi orí pé kò tíì mọ́, ó tún fọ̀ ọ́. Ijó ni ó fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Èmi ni. Bí mo ṣe máa ń dúró nídìí ọpọ́n ìfọṣọ mi ló ń ṣe yẹn, títí dórí bí mo ṣe máa ń na ẹ̀yìn. Àwọn òyìnbó ń rẹ́rìn-ín, wọn kò mọ ẹni tó ń sín jẹ, ṣùgbọ́n èmi mọ̀, omi sì bọ́ lójú mi. Àwọn yòókù gbé Táṣà sókè, ó dúró lórí ọwọ́ wọn bí ẹyẹ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó jókòó. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fọwọ́ kan orí, ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó wà nínú eré. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ọlọ́run jẹ́ kí n rántí ìyẹn títí n ó fi kú: ọmọ ọmọ mi ń kú lọ nílẹ̀, mo ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Táṣà nìkan ló mọ̀. Láti òkè níbi tó wà ló ti rí i. Ó kígbe pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, ó sáré lọ kúnlẹ̀ tì í, ó sì fa orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yọ níwájú gbogbo ènìyàn. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn pé kí wọ́n ṣí orí máskọ́ọ̀tì níbi eré, ibẹ̀ ni ìdíje náà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò wò ó. Ojú Àkànní pọ́n yòò bí inú ìbẹ́pẹ, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Títí ọkọ̀ ọsibítù fi dé, Táṣà ló ń di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú fúláàsìkì mi.

Ní ọsibítù, wọ́n so ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Dókítà wo ìwé rẹ̀, ó rí ohun tí wọ́n ti kọ sí i láti ìkókó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó jẹ, ohun tó mu, oògùn tó lò. Àkànní fi ohùn wẹ́wẹ́ sọ ti oògùn Táṣà. Ni dókítà bá béèrè bóyá ó fara kan káńfọ̀. Ọmọ mi kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní kò sí i nílé àwọn, pé ìyá òun ti fi í sílẹ̀ láti ọdún tí ọmọ yìí ti wà ní ìkókó. Ó wá yíjú sí mi.

"Àbí, Mọ́mì?"

Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ń dún. Mo wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sínú ọmọ yẹn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo sì rántí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún mi lọ́dún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, pé n kò ní fojú kan ọmọ náà mọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo sọ. "Kò sí káńfọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Irọ́ náà kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó fúyẹ́ lẹ́nu? Ohun tó tẹ̀ lé e ló wúwo. Táṣà ti gbé orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tẹ̀ lé wa wá sí ọsibítù, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó, ó sì fà á lé mi lọ́wọ́. Mo gbé e relé. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo tú àpò tí mo rán, okùn mi kò sì fẹ́ já, àfi ìgbà tí mo gé ara mi lọ́wọ́. Mo fọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó fi í ránṣẹ́ padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo kó gbogbo káńfọ̀ tó wà nínú àpótí mi, mo dì í sínú ọ̀rá mẹ́ta, mo gbé e lọ jù sínú ìdọ̀tí tó jìnnà sí ilé mi kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gidi má lọ tú u síta. Mo sá gbogbo aṣọ mi síta fún ọjọ́ mẹ́fà. Iṣẹ́ mi ni kí n yọ àbàwọ́n kúrò lára nǹkan, n kò sì ṣe iṣẹ́ náà dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọlọ́run ṣàánú, ara Àkànní bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù, èmi sì ti ti ilẹ̀kùn tèmi. Dókítà ní kò dá òun lójú pé oògùn yẹn ni, pé ó ṣeé ṣe. Èyí tó ṣeé ṣe yẹn ni ọmọ mi gbé lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó sọ pé Táṣà fẹ́ pa ọmọ òun. Ó pariwo débi pé wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ Táṣà, wọ́n ní kó jókòó sílé títí wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń pín oògùn fún ọmọ. Nínú ìwé Àkànní ní ọsibítù, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè jẹ́ oògùn náà. Ẹ gbọ́ o, irọ́ mi ti wọ inú ìwé ìlera rẹ̀. Dókítà tí yóò tọ́jú rẹ̀ lọ́la, èmi tí mo ka prámárì mẹ́ta ni mo ń kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Táṣà wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Kò lọ sọ́dọ̀ ìyá Àkànní, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ọ̀dọ̀ mi ló wá, nítorí ó ní mo jọ ìyá ìyá òun. Ó ní oògùn tí àwọn máa ń lò nílé àwọn ni, pé òun fi páálí rẹ̀ han dókítà, pé bóun bá mọ̀, òun kì bá fi ọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú, ó ní, "Grandma, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé èmi ni?" Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin, kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Ẹni tó gba ọmọ ọmọ mi là níwájú gbogbo ayé dúró sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ń tọrọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi. Mo lọ sí kíṣìnnì, mo mú páálí bisikíìtì kan wá, mo fún un. Ó gbà á, ó ní mo ṣeun, ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó bó ṣe ń lọ pẹ̀lú bisikíìtì yẹn lábíyá.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìyà mi ti dé góńgó. Àṣé ó kù. Lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, Àkànní wọlé tọ̀ mí wá, ó ti sanra padà, ó gbé orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ́wọ́. Ó ní ìyá òun ti gbà kí òun padà sẹ́gbẹ́ níwọ̀n ìgbà tí Táṣà kò bá sí níbẹ̀, pé kò dùn mọ́ òun láìsí i, ṣùgbọ́n kí ni òun fẹ́ ṣe? Ó gbé orí náà sórí àga. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀ bí ìṣe rẹ̀ àtijọ́.

"Màmá, ẹ bá mi fi nǹkan yẹn sí i padà."

Mo ní, "Nǹkan wo?"

"Òórùn yín."

Ó ní inú orí yẹn ṣókùnkùn, pé òun a máa gbọ́ ariwo àwọn ènìyàn láìrí wọn, pé gbogbo ìgbà ni ẹ̀rù máa ń ba òun kí òun tó jáde, àfi ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bí òun bá ti gbé e wọ̀, òórùn aṣọ mi ni òun ń gbọ́, ó dà bí ẹni pé mo wà nínú ibẹ̀ pẹ̀lú òun. Ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òun fi jó ijó aṣọ fífọ̀. Ó ní nígbà tí òun gbé e wọ̀ lánàá, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, ọṣẹ lásán ni. Ẹ rántí pé ọmọ náà kò mọ ohun tí ń jẹ́ káńfọ̀. Ó kàn mọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ọsibítù ni, ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó wọ ilé wọn kó mọ òórùn rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé báyìí ni Màmá òun ṣe ń rùn. Ohun tó ń fọ́ ọ lẹ́jẹ̀ ló ń fà símú, tó ń pè ní èmi.

Mo sọ fún un pé kó fi orí náà sílẹ̀. Bí ó ṣe ti ilẹ̀kùn, mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn àwọ̀n ẹnu orí náà, níbi tí àpò mi wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé bí n kò bá sọ̀rọ̀, kò sí ohun tó ní kí ọmọ yẹn má lọ wá òórùn yìí níbòmíràn nígbà tí mo bá kú, kó rà á lọ́jà, kó fi há àárín aṣọ rẹ̀ kó lè máa rántí mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni pé kó má jẹ́ ojú oórì ni yóò ti bá a.

Mo ti pe gbogbo wọn. Ọmọ mi, Àkànní, àti Táṣà. Sọ́ńdè yìí, lẹ́yìn ìrun Ayílà. Ọmọ mi kò mọ̀ pé Táṣà ń bọ̀. Mo ti rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ ná kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín, bóyá mo ti sọ ọ́, bóyá ọmọ mi ti mú ọmọ rẹ̀ kúrò lójú mi gẹ́gẹ́ bó ti wí, bóyá ojo ti tún mú mi, mo sì tún ti gbé bisikíìtì síta. N kò mọ̀. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ níwájú orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí láti àárọ̀. Mo ní "Ẹ jọ̀ọ́," kò lọ. Mo ní "Ọjọ́ kan báyìí," ó dà bí àlọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jẹ́wọ́ fún ọmọ yín rí, ẹ dákun, báwo ni ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Kí ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín? Ẹ̀yin tí káńfọ̀ sì wà nínú àpótí yín, tí ìkókó wà nílé, ẹ má dúró dìgbà tí dókítà yóò bi yín. Ẹ dìde nísinsìnyí, ẹ lọ kó o dànù, kí ẹ tó ka ohun mìíràn.